Ẹ Sọ Sí I Fún Wa

Kí Fìyìnfólúwa tó gba iṣẹ́ ní Ilé Ìkàwé Àjùmọ̀lò tó wà lójú ọ̀nà Ọba-Ilé ní Àkúrẹ́, aláǹtakùn ló pọ̀ ju òǹkàwé lọ níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú kan tí Ọlọ́run bùkún fún ló kọ́ ọ, wọ́n ní kí tolówó tòtòṣì máa wọlé kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń wọlé? Àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò, tí iná kò sí nílé wọn, àti àwọn àgbàlagbà mélòó kan tó ń wá ka ìwé ìròyìn. Àwọn yòókù ń kọjá lọ lójú títì, wọ́n tẹjú mọ́ fóònù.

"Bí wọn ò bá wá bá wa, sà," Fìyìn sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Adépọ̀jù, ọ̀gá ilé ìkàwé náà, "ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn nínú fóònù tí wọ́n ń wò."

Ó ti lọ kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó ṣí ojú ewé Fesibúùkù fún ilé ìkàwé, ó sì dá ẹgbẹ́ Wasáàpù sílẹ̀ fún àwọn òǹkàwé. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò yan ìwé tí wọ́n fẹ́ kí ilé ìkàwé rà. Ẹni tó bá ka ìwé kan tán, á sọ bó ṣe dùn mọ́ ọn tàbí bó ṣe sú u. Ìyá kan ní Ìlú-Àbò gba àlọ́ sínú fóònù, ó fi ránṣẹ́, àwọn ọmọ tí wọn ò mọ ọ̀nà ilé ìkàwé rí sì ń tẹ́tí sí i. Ọ̀gbẹ́ni Adépọ̀jù tó kọ́kọ́ ń yínmú wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè láràárọ̀ pé, "Èèyàn mélòó ló bá wa sọ̀rọ̀ lánàá?"

Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí Fìyìn pè ní "Ta Lẹ Mọ̀ Níbí?" Á gbé àwòrán àtijọ́ kan síta, àwọn ènìyàn á sì máa sọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n ti yà á, àti ohun tí wọ́n rántí. Báyìí ni ìtàn tí kò sí nínú ìwé kankan ṣe ń jọ sójú kan. Àwọn mìíràn ń fi ohùn Àkúrẹ́ kọ tiwọn, wọ́n ń pe ilé ní ulé, inú Fìyìn á sì máa dùn bí inú ẹni tó ń kórè.

Ọ̀kan lára àwọn àgbàlagbà tó ń wá ka ìwé ìròyìn ni Bàbá Akíntóyè. Oǹdó ló ń gbé. Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló sì máa ń ka Bíbélì sétí ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ní gbogbo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á wọkọ̀ wá sí Àkúrẹ́ láti wá wo Gbémiga, ọmọ rẹ̀, tó ń gbé ní Ìjàpò Ẹ̀sítéètì. Bí Gbémiga kò bá tíì dé láti ibi iṣẹ́, ilé ìkàwé ni bàbá náà ti ń dúró dè é. Fìyìn fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹní fẹ́ràn bàbá tó bí i. Bí ìwé tuntun bá dé, ó máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, á sì fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i ní ìparí.

Fìyìn ló tọrọ àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá kí Bàbá tó mú ọ̀kan wá, ó fi bébà wé e. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ló wà nínú rẹ̀, wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé, wọ́n tò síwájú katakata kan nínú oko ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sẹ́túmẹ́ǹtì ní Bọ́lọ́rundúró, nígbà tí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira tí kò tíì ju ọdún mélòó kan lọ.

"Jẹ́ kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí rí bí oko ṣe rí nígbà náà," Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n má kọ orúkọ mi sí i o, Fìyìn ọmọ mi."

"Mi ò ní kọ ọ́, Bàbá. Mo ṣèlérí."

Kò sì kọ ọ́. Ohun tó kọ ni pé: "Àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ ní Bọ́lọ́rundúró. Ta lẹ mọ̀ níbí?" Lójú tirẹ̀, ó ti mú ìlérí ṣẹ. Kò wá sí i lọ́kàn pé ohun tí wọ́n ní kó má sọ ló ń bẹ gbogbo ayé kí wọ́n bá òun sọ.

Ọ̀rọ̀ dídùn ló kọ́kọ́ tẹ̀lé àwòrán náà. Ẹnì kan rántí ẹ̀bà tí wọ́n ń jẹ ní Sẹ́túmẹ́ǹtì, ẹlòmíràn rántí bí kòkó ṣe máa ń rùn nígbà tí wọ́n bá ń sá a. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí Fìyìn ń kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì láti máa relé, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Kìtán wọlé sí i. Kò fi àwòrán ara rẹ̀ síbẹ̀.

"Èyí tó fọwọ́ lé táyà katakata yẹn, Akíntóyè ni, ó wà láàyè ní Oǹdó títí dòní. Èyí tó fọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn ni Bísọ́dún, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ bi Akíntóyè léèrè ohun tó fi ojú Bísọ́dún rí."

Fìyìn dúró gbagidi. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dáa. Ibi tí èèyàn á tẹ̀ láti pa á rẹ́ wà lábẹ́ ìka rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn ti ya bo ibẹ̀ bí ìjàlọ. "Kí ló ṣe é?" "Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ yìí o." "Kìtán, má fọ̀rọ̀ há wa lẹ́nu." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ojú ewé náà, kò tíì hó báyìí rí. Fìyìn ń wò ó, ara rẹ̀ ń yá gágá. Òun pàápàá fẹ́ mọ̀. Ó wá fi orúkọ ilé ìkàwé kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ ṣeun. Ẹ sọ sí i fún wa." Ó fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ti ilẹ̀kùn, ó gun kẹ̀kẹ́ Marúwá lọ sílé.

Kìtán sọ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé Akíntóyè ló fi katakata tẹ Bísọ́dún pa, pé oyún wà nínú ìyàwó olóògbé nígbà náà, pé kò pẹ́ kò jìnnà Akíntóyè ti fi obìnrin náà ṣaya. "Ẹ ṣírò ó fúnra yín," ló fi parí rẹ̀.

Àwọn èèyàn sì ṣírò ó. Wọ́n pè é ní apààyàn. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ti wà lára aya ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó di pé ó gun katakata. Àwọn tí kò mọ Bọ́lọ́rundúró lójú àlá ń búra pé bàbá àwọn ti sọ ọ́ fún wọn rí. Àwọn kan ya àwòrán ojú fóònù wọn, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Wasáàpù àwọn ọmọ Oǹdó nílé lóko, ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù.

Fìyìn ka gbogbo rẹ̀ nídìí tábìlì rẹ̀. Ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Adépọ̀jù ní ọ́fíìsì.

"Sà, mo fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ katakata yẹn kúrò."

Ọ̀gbẹ́ni Adépọ̀jù rẹ́rìn-ín músẹ́. "Yọ kí ni? Alága àwọn tó kọ́ ilé yìí pè mí láti Àbújá láàárọ̀ yìí. Ó ní a ṣeun, pé láíbìrì wa ti wá di ohun tí wọ́n ń sọ kiri. Fìyìn, ìtàn ni. Ṣé àwa la sọ ọ́? Aráàlú ló ń sọ̀rọ̀."

"Bàbá tó fún wa ní àwòrán náà..."

"Ṣé o kọ orúkọ rẹ̀ sí i?"

"Rárá, sà."

"Ó parí."

Fìyìn jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ojú ewé náà wà. Bó bá yọ ọ́, ọ̀gá rẹ̀ kò ní mọ bí yóò ṣe dá a padà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ wọ̀ bí ẹ̀wù, ó sì fi bo ara.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé, Bàbá Akíntóyè kò wá. Fìyìn ní bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni. Òmíràn tún dé, àga bàbá náà ṣófo. Fìyìn mú fóònù láti pè é, ó gbé e sílẹ̀, ó tún mú un, ó tún gbé e sílẹ̀. Kí ni yóò sọ? Pé "Bàbá, a ò rí yín"?

Ẹni tó wá dípò rẹ̀ ni obìnrin kan tí ojú rẹ̀ jọ ojú bàbá náà bí ìmumu. Yọ̀mí lorúkọ rẹ̀, àbíkẹ́yìn Bàbá Akíntóyè, aránṣọ ni ní Oǹdó. Kò jókòó nígbà tí wọ́n fún un ní àga.

"Ta ló ń fi orúkọ láíbìrì kọ̀wé sórí Fesibúùkù?"

Àwọn ọmọ tó ń kàwé gbójú sókè.

"A pọ̀ tí à ń ṣe é," Fìyìn dáhùn.

Bó ti sọ ọ́ tán ni ẹnu rẹ̀ korò. Òun nìkan ló ń ṣe é. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe nínú gbogbo ilé náà.

"Ó dáa," Yọ̀mí wí. "Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín lápapọ̀, nígbà náà. Bọ̀dá Gbémiga wá sí Oǹdó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Katakata ló pa bàbá tó bí wọn lọ́mọ, wọ́n mọ ìyẹn láti kékeré. Bàbá mi ló tọ́ wọn dàgbà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn rí pé bàbá mi ló wà lórí katakata náà. Orí fóònù ni wọ́n ti kà á. Wọ́n dúró lójúde wa, wọ́n pariwo títí àwọn ará àdúgbò fi jáde. Wọ́n gbé ìyá wa sínú ọkọ̀, ó di Ìjàpò. Bàbá mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Inú yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí. Oúnjẹ tí mo bá gbé wọlé ni mo ń gbé jáde." Ó wo ojú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹni tó kọ 'ẹ sọ sí i fún wa' yẹn, ó yẹ kó wá wo ohun tí wọ́n sọ sí i fún un."

Ó yíjú padà, ó lọ.

Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, Fìyìn ti mú fóònù. Ó pa àwòrán náà rẹ́, ó pa gbogbo ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ rẹ́. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Èkó fi ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù, ó tún bá a níbẹ̀, odidi, pẹ̀lú orúkọ ilé ìkàwé àti ojú tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹyin ti bọ́, ó ti fọ́. Ilẹ̀ ló kù tí ó ń nù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Jálẹ̀ ọ̀nà ló ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, bí ọkọ̀ bá sì ti kọlu kòtò kan, gbogbo rẹ̀ á tú ká. Yọ̀mí ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ nìkan ni 'a pọ̀' yẹn, àbí?" Fìyìn kò lè gbójú sókè. Yọ̀mí yà fún un.

Bàbá Akíntóyè jókòó sórí àga onígi nínú yàrá tí wọn kò ṣí fèrèsé rẹ̀. Ó ti rù. Fìyìn kúnlẹ̀.

"Fìyìn ọmọ mi, káàbọ̀. Báwo ni ọ̀nà? Yọ̀mí, bu omi fún un."

Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Fìyìn gba omi náà, kò lè mu ún.

"Bàbá, èmi ni mo kọ ọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n sọ sí i."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ta ló tún ń fi ẹ̀rín sí ìdí ọ̀rọ̀? Gbogbo ìgbà tó o bá kọ̀wé sí mi lo máa ń fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín yẹn sí i. Nígbà tí wọ́n fi hàn mí, mo ní, háà, Fìyìn rèé."

Omijé bọ́ lójú Fìyìn. Bàbá kò sọ pé kó má sunkún. Ó jẹ́ kó sun ún tó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bíi ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Òótọ́ ni pé èmi ni mo wà lórí katakata. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ilẹ̀ ń yọ̀, a sì wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bísọ́dún wà lẹ́yìn, ó ń so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo. Ó kígbe sí mi. 'Máa lọ' ni mo gbọ́, ni mo bá tẹ̀ ẹ́. Katakata kọ́kọ́ fà sẹ́yìn kó tó lọ síwájú." Ó fọwọ́ nu ojú. "Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi. Ṣé 'máa lọ' ló sọ ni, àbí 'má lọ'? Wo bí àwọn méjèèjì ṣe jọra tó. Mo ti sọ ọ́ síta nínú oko, mo ti sọ ọ́ nínú ilé, láti fetí gbọ́ bó ṣe rí. Mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní."

Fìyìn gbé omi náà sílẹ̀.

"Kí n tó fẹ́ Àbẹ̀bí, ìyá Gbémiga, ni mo ti sọ fún un. Àwọn òbí rẹ̀, oníṣòwò Mùsùlùmí ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ní Àkúrẹ́, wọ́n ti bínú kọ̀ ọ́ torí pé ó fẹ́ Bísọ́dún, àgbẹ̀ onígbàgbọ́. Àwọn ẹbí Bísọ́dún náà kò yọjú sí i. Iṣu ni mo kọ́kọ́ ń gbé lọ fún un, màá gbé e sẹ́nu ọ̀nà, màá sá. Lọ́jọ́ kan ló ní, 'Akíntóyè, bó o bá máa wọlé, wọlé. Bí o kò bá ní wọlé, má gbé iṣu wá mọ́.' Mo wọlé, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn náà ló ní kí n má lọ."

"Gbémiga ńkọ́, Bàbá?"

"A ní bó bá dàgbà a ó sọ fún un. Ó dàgbà, a ní kó parí ìwé. Ó parí ìwé, a ní kó gbéyàwó. Ọjọ́ tó yẹ ká sọ ọ́ kò dé, torí pé a ò fẹ́ kó dé. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn. Mi ò ní gbé e lé ọ lórí." Ó wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ṣùgbọ́n tìẹ náà wà lọ́tọ̀. O ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo gbà. O kàn fẹ́ mọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni. Èmi tí mo mọ̀ sì wà lórí àga níwájú rẹ ní gbogbo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. O ò bi mí."



Bàbá na ọwọ́ sórí tábìlì, ó mú ìgò kékeré kan. "Oògùn ojú Ìyá Gbémiga rèé. Ó gbàgbé ẹ̀ síbí. Yọ̀mí gbé e lọ, Gbémiga kò ṣílẹ̀kùn fún un. Bá mi fi fún un. Bí kò bá kán an, ojú náà á máa ta á."

Fìyìn kò dé ilé tirẹ̀ tó fi gba Ìjàpò lọ. Ilé Gbémiga tutù, ó ní òdòdó lójúde. Gbémiga fúnra rẹ̀ ló jáde wá, ọkùnrin gíga, irun rẹ̀ ti ń funfun. Fìyìn sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń dúró de àbàrá.

Ojú Gbémiga là. "Ilé Ìkàwé Àjùmọ̀lò? Ẹ̀yin lẹ ṣe é? Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á san án fún yín. Láti kékeré mi ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó pa bàbá mi, tí mò ń pè é ní bàbá, ẹnikẹ́ni kò là mí lójú. Ẹ̀yin lẹ là mí lójú."

Ọpẹ́ náà gún Fìyìn ju èébú lọ. Òtítọ́ tí Bàbá sọ fún un ń rìn ín lórí ahọ́n: òjò tó dá, ilẹ̀ tó ń yọ̀, "máa lọ" àti "má lọ". Bó bá sọ ọ́, bóyá ọkàn ọkùnrin yìí á rọ̀. Ó ya ẹnu. Ó wá rí i pé ìtàn oníìtàn ni òun tún fẹ́ gbé kiri. Ó pa ẹnu dé.

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, sà," ó wí. "Ohun tí ẹ kà, ìdajì ni, ìdajì náà sì ti dìdàkudà. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n máa fọ́n ọn kiri, mo dẹ́ṣẹ̀ sí yín. Ẹnu mi kọ́ ló yẹ kí ẹ ti gbọ́ ìyókù. Ìyá yín wà nínú ilé, sà. Oògùn ojú wọn rèé."

Ìyá náà ti dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì láti ìgbà yìí wá. Ó jáde, obìnrin kúkurú, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gba ìgò náà, ó dì í mú ṣinṣin.

"Gbémiga, o béèrè lọ́wọ́ fóònù. Láti ọjọ́ tó o ti gbé mi wá síbí, o ti bá mi sọ̀rọ̀ oúnjẹ, o ti bá mi sọ̀rọ̀ ooru. O ò béèrè lọ́wọ́ mi."

"Ìyá mi, kí ni mo fẹ́ béèrè? Wọ́n tàn yín jẹ ni."

"Ta ló tàn mí jẹ? Mo mọ̀. Kí n tó gbà láti fẹ́ ẹ ni mo ti mọ̀."

Gbémiga fẹ̀yìn ti ògiri. Ó dà bí ẹni tí wọ́n yọ àga lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ mọ̀," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n..."

"Jàǹbá ni, ọmọ mi. Mo fẹ́ kó o ní bàbá. Mo rò pé bí n bá sọ ọ́, o ò ní ní ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì."

"Ṣé mo wá ní ọ̀kan báyìí?"

Ìyá náà wọlé lọ kó aṣọ rẹ̀ díẹ̀ sínú báàgì. Nígbà tó jáde, ó ní kí Fìyìn bá òun wá ọkọ̀ Oǹdó. Gbémiga kò dí i lọ́nà, kò sì sìn ín. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé ojú sí òdòdó ojúde rẹ̀.

Fìyìn bá a wọkọ̀, wọ́n sì ti jáde kúrò ní Àkúrẹ́ kí Màmá tó lajú sọ̀rọ̀. Ó ti kán oògùn sójú, ó gbé orí lé ẹ̀yìn àga.

"Ṣé o lọ́mọ?"

"Rárá, mà."

"Bó o bá bí i, wàá rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti sọ fún ọmọ."

"Ẹ dákun, ẹ foríjì mí, mà."

Màmá gbé orí kúrò lẹ́yìn àga. "Mi ò bínú mọ́, torí ó ti rẹ̀ mí. Ìyẹn kì í ṣe ìdáríjì o. Bí ìdáríjì bá dé, màá sọ fún ọ."

Ní Oǹdó, Fìyìn kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó gbọ́ tí Màmá ń jágbe nínú ilé pé ta ló ti fèrèsé pa báyìí, pé ṣé ẹran ni wọ́n ń yan gbẹ níbẹ̀ ni. Ó gbọ́ ohùn Bàbá, kò gbọ́ ohun tó sọ. Ó padà sí Àkúrẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ó kọ ọ́ sí ojú ewé ilé ìkàwé, pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀ lábẹ́, pé òun ló ní kí àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀ láti wí tẹnu rẹ̀, pé òun rí i pé kò dáa kí òun tó ṣe é, pé òun sì ṣe é. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò tún ìtàn náà sọ. Àwọn kan ní ó ṣeun. Àwọn kan béèrè pé ta ló ń bẹ̀rù. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ pariwo kò tilẹ̀ kà á; wọ́n ti wà nídìí ọ̀rọ̀ mìíràn. Kìtán kò gbin.

Ọ̀gbẹ́ni Adépọ̀jù bínú. "O ti fi orúkọ wa wọ́lẹ̀. Yọ ọ́!"

"Mi ò ní yọ ọ́, sà. Èyí tó yẹ kí n yọ, n ò yọ ọ́ nígbà tó yẹ."

Ọ̀gá gba iṣẹ́ ojú ewé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún ẹlòmíràn, ibẹ̀ kú fín-ín fún oṣù kan, ó tún dá a padà fún un. Fìyìn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òfin tuntun. Kò sí àwòrán tí yóò jáde láìjẹ́ pé ẹni tó wà nínú rẹ̀, tàbí ẹbí rẹ̀, fọwọ́ sí i. Kò sì sí ọ̀rọ̀ tí yóò hàn láìjẹ́ pé òun ti kà á. Ibẹ̀ kò hó mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń dìbò yan ìwé, ìyá Ìlú-Àbò ń pa àlọ́. Bí fóònù Fìyìn bá ti dún, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já kó tó wò ó.

Òjò ti lọ, wọ́n ti ń já kòkó, nígbà tí Yọ̀mí pè é. Fìyìn dìde dúró kó tó gbé e.

"Bàbá ní kí n sọ fún ọ," Yọ̀mí wí, ohùn rẹ̀ kò gbóná, kò sì tutù. "Bọ̀dá Gbémiga wá. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n dúró láàárín pálọ̀, wọ́n ní, 'Báwo ni ohùn rẹ̀ ṣe rí?' Bàbá mi béèrè pé ohùn ta ni. Wọ́n ní, 'Ti bàbá mi. Ẹ̀yin àti Màmá nìkan lẹ kù tó gbọ́ ọ.'"

Fìyìn di etí tábìlì mú.

"Wọ́n jókòó títí oòrùn fi wọ̀. Bàbá sọ bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, bó ṣe máa ń kọrin lóko tí orin náà kò ní dún dáadáa. Wọ́n sọ ti katakata náà. Gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọkọ̀ lọ sí Bọ́lọ́rundúró, wọ́n fẹsẹ̀ gba inú igbó dé ibi tí wọ́n sin bàbá tó bí Bọ̀dá Gbémiga sí. Màmá ní koríko ti bò ó. Bọ̀dá Gbémiga ló ro ó. Nígbà tó rẹ Bọ̀dá, Bàbá gba àdá lọ́wọ́ wọn, Bọ̀dá sì jẹ́ kí wọ́n gbà á."

"Háà, a dúpẹ́..."

"Bọ̀dá Gbémiga ò tíì pe bàbá mi ní bàbá o. 'Sà' ni wọ́n ń pè wọ́n. Màmá sunkún sí ìyẹn ju bí wọ́n ṣe sunkún níbi sàréè lọ."

Ọpẹ́ tó wà lẹ́nu Fìyìn dúró síbẹ̀, kò mọ bóyá òun lẹ́tọ̀ọ́ sí i. "Ṣé... ṣé mo lè wá kí wọn?"

"Bàbá ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ. Wọn ò ní kí n sọ pé kó o máa bọ̀."

"Mo gbọ́, mà. Ẹ bá mi kí wọn."

Yọ̀mí ti gbé fóònù sílẹ̀. Fìyìn dúró bẹ́ẹ̀, ó di fóònù mú. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ilé ìwé ti wà níwájú tábìlì rẹ̀, ó ń béèrè bóyá ìwé báólọ́jì tí àwọn dìbò yàn ti dé. Fìyìn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní ó ti dé, ó sì lọ gbé e wá fún un.